Bí Mo Ṣe To Bẹ́ẹ̀dì Méjì Sínú Yàrá Kékeré Kan ní Ìkòròdú

Yàrá tí gbogbo wa ń pè ní "tẹ́ẹ̀nì báì tẹ́ẹ̀nì" nílé wa ní Àgíríìkì, Ìkòròdú, kò pé 10. Tí ẹ bá fi tépù wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé ara ògiri, ẹsẹ̀ bàtà 9 àti íǹṣì 6 lẹ máa bá, lóròó àti níbùú. Búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti jẹ nínú ẹ̀. Ẹ má fojú kéré íǹṣì 6 tó sọnù yẹn o, òun ló fẹ́ lé àlejò mi jáde.

Àlejò náà ni àbúrò ọkọ mi tó ríwèé gbà sí LASUSTECH, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n sọ di yunifásítì lọ́dún 2022 àmọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń pè ní Pólì. Ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti máa lọ. Akọ̀wé ni mò ń pè é látìgbà tí mo ti wọlé wọn, torí ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé lórúkọ. Gíga ẹ̀ ti fẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Àyìnlá, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, ló ń dá sùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì 6 báì 3½, pẹ̀lú wọ́díróòbù gàgàrà kan tó gba odidi kọ́nà kan.

Bọ́ńkì ni Dádì Àyìnlá kọ́kọ́ dábàá. Wọ́n ní àyè kì í há adìyẹ kó má dé ìdí àba ẹ̀, ká gbé ọ̀kan lé èkejì lórí, ká sinmi. Bàbá Káfíńtà náà gbè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n tiẹ̀ ti ń ṣírò pákó. Mo ní kí àwọn méjèèjì gbójú sókè wo fáànù. Àjà yàrá yẹn ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, fáànù sì sọ̀ kalẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó ku 8 láti ilẹ̀. Bọ́ńkì tí Akọ̀wé máa lè jókòó sísàlẹ̀ ẹ̀ láìforí gbá pákó, òkè ẹ̀ ò lè dín ní 5. Ẹ wá gbé fóòmù lé e. Bí Àyìnlá bá dìde jókòó lójú oorun, orí ẹ̀ àti apá fáànù á fẹ́ máa kí ara wọn. Ká tiẹ̀ yọ ti fáànù kúrò, òkè ni ooru máa ń kó lọ, ẹni tó bá ti sùn lábẹ́ páànù ní Èkó lóṣù kẹta ò nílò àlàyé. Wọ́n dákẹ́.

Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù yàrá náà jáde. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya bẹ́ẹ̀dì méjèèjì sórí ilẹ̀ kí n tó ná kọ́bọ̀. Pákó ni kí ẹ wọ̀n o, ẹ má wọn fóòmù. Bẹ́ẹ̀dì tí fóòmù ẹ̀ jẹ́ 6 báì 3½, pákó ẹ̀ gba ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 4 lóròó, 3 àti íǹṣì 9 níbùú. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà ni kí ọ̀kan lọ gbọọrọ mọ́ ògiri òsì, kí èkejì dábùú mọ́ ògiri fèrèsé. Kò wọlé. Ìbú ti àkọ́kọ́ àti gígùn ti èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íǹṣì 1, ó fi íǹṣì 7 ju ògiri lọ. Mo lè fi fóòmù 2½ dín in kù, ó máa wọlé, àmọ́ ẹni tó bá dábùú ti sùn sábẹ́ fèrèsé nìyẹn, òjò wa kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo nu ìyẹn.

Mo wá to méjèèjì síhà méjì. Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ 3½, ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ló kù láàárín, ẹni kan á máa dúró kí ẹnì kejì kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé 6 báì 2½ ni tuntun máa jẹ́: pákó ẹ̀ á gba ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 8, àárín á sì ṣẹ́kù ní 3 àti íǹṣì 1.

Ó wá ku ilẹ̀kùn. Igun ọ̀tún ló wà bí èèyàn bá ń wọlé, inú yàrá ló ń ṣí sí, ẹsẹ̀ bàtà 3 sì ni. Mo ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì tọ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí ilẹ̀ bó ṣe ń yí, ìlà náà tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Nǹkan kan ò gbọdọ̀ sí nínú ìlà yẹn. Òun náà ló sì fi ọ̀nà hàn mí. Bẹ́ẹ̀dì tuntun tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sápá ọ̀tún, a tì í wọnú títí ó fi kan ògiri fèrèsé. Ilẹ̀kùn ń fi íǹṣì 2 kọjá lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ wà lápá òsì, ṣùgbọ́n iwájú la fà á sí, orí ẹ̀ fara ti ògiri tí ilẹ̀kùn wà. Igun òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wá ṣófo fún tábìlì ìkàwé. Bí ọ̀kan ṣe wà níwájú tí ìkejì fà sẹ́yìn yìí, kò sẹ́ni tó ń jí tí ojú ẹ̀ ń bá ojú ẹnì kejì tààrà, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ kàwé lóru. Fèrèsé náà, ẹsẹ̀ bàtà 4 láàárín ògiri, fi íǹṣì kan yẹ bẹ́ẹ̀dì tuntun sílẹ̀.

Ìdí bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ní pátákó gíga kan. Mo ní kí Bàbá Káfíńtà gé e.

"Ìyá Àyìnlá, ẹ fẹ́ ba bẹ́ẹ̀dì gidi jẹ́."

"Ẹ bá mi gé e, Bàbá. Akọ̀wé ló máa sùn síbẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì gùn."

Wọn ò yọ ọ́ tán, torí pátákó yẹn ló di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú. Wọ́n fi ayùn gé e wálẹ̀ títí ó fi bá pákó ẹ̀gbẹ́ dọ́gba, wọ́n wá fi sáńpépà ha ojú ẹ̀ títí ó fi ń dán. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé ń jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì yẹn báyìí, ó kọjú sí tábìlì, a ò ra àga. Èyí tí wọ́n gé kúrò ni wọ́n kàn mọ́ ògiri lókè tábìlì, ó di pẹpẹ ìwé.

Ti tuntun, mo ní kí ẹsẹ̀ ẹ̀ ga tó íǹṣì 16 kí àpótí lè wọ abẹ́ ẹ̀, torí wọ́díróòbù ti di ará kọ́rídọ̀. Mo ní bóòtù ni kí wọ́n fi so ó, kí wọ́n má kàn án níṣòó. Inú oríkèé pákó ni ìdun máa ń sá sí, bẹ́ẹ̀dì téèyàn bá lè tú palẹ̀ ni èèyàn lè sá sóòrùn.

Fóòmù, Sábó ni mo ti rà á. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láàárín. Èyí tó bá ti jẹ́ kí orúnkún kan ilẹ̀, mo dá a padà fún olówó ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé e délé lórí, a fi okùn dì í.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò fún wa ní wàhálà. Ẹ̀bá ògiri ni bẹ́ẹ̀dì méjèèjì wà, àárín ni fáànù wà, nẹ́ẹ̀tì ò lè fẹ́ bá a. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà lápá òsì. Mo fi ìṣó pẹ́pẹ̀pẹ́ di wáyà mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, torí mo ti kìlọ̀ pé wáyà ò gbọdọ̀ gba abẹ́ fóòmù. Ooru ló máa kọ́kọ́ mú un, iná á tẹ̀ lé e.

Àyìnlá nìkan ni inú ẹ̀ ò dùn. "Mọ́mì, bẹ́ẹ̀dì mi lẹ gbé fún Bọ̀dá." Mo ṣàlàyé pé Bọ̀dá máa ń pẹ́ wọlé, ibi tó sún mọ́ ilẹ̀kùn ló yẹ wọ́n, kí wọ́n má baà máa jí i. Ó ní òun gbà, tí Bọ̀dá ò bá ti ní kó bàtà wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tuntun òun. Akọ̀wé gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wá kó bàtà náà sí, inú ìlà ṣọ́ọ̀kì mi gan-an, ilẹ̀kùn ò sì ṣí tán mọ́. Pẹpẹ bàtà tó máa wọ kọ́rídọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́díróòbù ni Bàbá Káfíńtà ń kàn lọ́wọ́ báyìí.