Ẹ má tíì sọ gíà yẹn kalẹ̀
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa Toyota ọ̀tọ́mátíìkì àtijọ́, bí iná O/D OFF (iná gíà overdrive tó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù) bá ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà mọ́tò ló rí àbùkù lára wáyà, sẹ́ńsọ̀ tàbí sólẹ́nọ́ìdì (fáàfù oníná tó ń darí epo inú gíà). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan tíì tú gíà. Ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì àti fíúsì. Lẹ́yìn náà, kí rìwáyà pa mọ́tò, kó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara gíà, kó wò ó bóyá ó ti dípẹtà tàbí epo ti wọ̀ ọ́, kó wá fi mítà wọn sólẹ́nọ́ìdì tó ń pààrọ̀ gíà, láti ẹnu rẹ̀ sí ara irin. Ohm (òṣùwọ̀n ìdènà iná) 11 sí 15 ló dáa. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, wáyà inú sólẹ́nọ́ìdì tàbí èyí tó lọ síbẹ̀ ti já. Tó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí mọ́tò bá gbóná nìkan ló ń ṣe é, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná.