Bí a ṣe ń tọ́jú ara nílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ilé-ọmọ tó ń yọ

Ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ yìí, èyí tí wọ́n fi ń gbé ilé-ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ara padà sókè, kì í sábà hàn síta. Bó bá jẹ́ ojú ara ni wọ́n gbà ṣe é, kò ní sí báńdéèjì níkùn. Obìnrin náà ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ará ilé á wá rò pé ara ti yá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, okùn tí dókítà fi rán an ló ṣì ń bá a gbé ilé-ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ìfun ró nínú lọ́hùn-ún. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 kí ibẹ̀ tó jinná, ó sì lè tó oṣù 3 kó tó le dáadáa. Èmi ni mo tọ́jú màmá mi nígbà tí wọ́n ṣe tiwọn. Ohun tí mo ń bẹ gbogbo ará ilé ni pé kí wọ́n gba ọgbẹ́ tí wọn ò rí gbọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún, kí ẹ tó lọ sí ọsibítù rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín tún ilé tò: aṣọ, oògùn, ife omi, kó wà níbi tí ọwọ́ yín á tó láìbẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá ti dé, fún ọ̀sẹ̀ 6, ẹ má gbé ohun tó bá wúwo ju kẹ́tù omi kan lọ. Garawa omi, àpò gàrí, odó, gbogbo rẹ̀ ti di ti ẹlòmíì. Ọmọ-ọmọ tó bá ń sunkún pé kí ẹ pọn òun, ẹ jókòó, kí wọ́n gbé e lé yín nítan.

Orí ìgbẹ́ gan-an ni ogun wà. Ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ jẹ ẹ̀wà, ewédú, ìbẹ́pẹ àti ọsàn. Àwọn oògùn ìrora kan, bíi kódéènì, máa ń mú ìgbẹ́ le, nítorí náà ẹ bi dókítà léèrè oògùn tó ń rọ̀ ọ́. Àpótí tí ẹ fi ń jókòó dáná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìgbẹ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, kí ẹ máa mí síta lẹ́nu. Ẹ má tì í bí ẹni tó ń rọbí. Bí kò bá wá, ẹ dìde, ẹ padà wá tó bá yá.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á máa wá, á sì di àwọ̀ ilẹ̀ kó tó dá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, màmá mi pè mí wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n na páàdì sí mi: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí rẹ̀. Wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ ti tú ni. Kò tú o. Okùn tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń já bọ́ nìyẹn. Páàdì ni kí ẹ lò, kí ẹ má ki ohunkóhun bọ ojú ara: kì í ṣe àgbo, kì í ṣe alọ́ọ̀mù. Ọkọ náà á ní sùúrù títí dókítà á fi yẹ̀ yín wò.

Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín ọgbà lójoojúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí dókítà bá gbà yín láyè, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá abẹ́. Ẹ fún ìdí àti ojú ara pọ̀ bí ẹni tó ń mú isó mọ́ra, ẹ ka ení, èjì dé àrún, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ìgbà 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí ikọ́ bá ń bọ̀, ẹ yára fún un pọ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin páàdì gbingbin láàárín wákàtí kan, bí abẹ́ bá ń rùn, bí ara bá gbóná dé 38°C, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, bí iṣan ẹsẹ̀ bá wú tó ń ro yín, tàbí tí èémí bá ń há, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ọsibítù yá.

Ọjà ni màmá mi ń tà, wọ́n sì ti padà síbẹ̀. Ẹrù kò kan orí wọn mọ́, alábàrù ló ń rù ú.