Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Wọn Omi Ẹnu Odò: Iyọ̀, Ọ́síjìn, Ìgbóná àti Ẹrẹ̀

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe tuntun sí mi. Gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi níbi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun ni ó máa ń kó wọn wá, ọ̀pọ̀ wọn sì ti pinnu kí wọ́n tó béèrè pé ẹ̀rọ àwọn ti bàjẹ́ tàbí pé omi náà ti kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹnu odò kì í dúró sójú kan. Nọ́ńbà tí a bá kọ sílẹ̀ láìkọ wákàtí, láìkọ bí ibi tí a ti wọn ọ́n ṣe jìn tó, láìsì kọ bóyá omi òkun ń kún ni tàbí ó ń fà, kò lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni nípa ibi tí ẹja àti ewéko ń gbé.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ mi kò sọ nǹkan kan, tàbí kí ó máa sọ òdo nìkan.

Ìdáhùn: Ẹ wo bátìrì. Ẹ wo okùn. Ẹ rí i pé omi bo sẹ́ńsọ̀, ìyẹn apá ẹ̀rọ náà tó ń wọn omi, tán, kí ẹ sì mì ín díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè jáde.

Ìbéèrè: Iyọ̀ tí mo wọn láàárọ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ọ̀sán. Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Rárá. Iyọ̀ inú omi òkun jẹ́ nǹkan bí 35 nínú 1,000. Ti omi odò kì í sábà tó 0.5. Gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ẹ ó máa rí ní ẹnu odò, bí omi òkun bá ṣe wọlé tó ni iyọ̀ náà yóò sì ṣe pọ̀ tó. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú etíkun ayé, láti ìkún kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, èyí tó túmọ̀ sí pé aago mẹ́jọ òní kò bá aago mẹ́jọ ọ̀la mu rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ pẹ̀lú èrò pé ìyẹn ni ó bójú mu, ìpò omi tó yàtọ̀ ni ẹ ń bá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìkún àti ìfà ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe aago.

Ìbéèrè: Mo tẹ̀ lé ìkún àti ìfà, síbẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kò bá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá mu.

Ìdáhùn: Ẹ wo òṣùpá. Nígbà òṣùpá àrànmọ́jú àti nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi òkun máa ń kún jù, ó sì máa ń fà jù. Láàárín àwọn àkókò wọ̀nyí, agbára rẹ̀ dínkù. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá òjò rọ̀ ní apá òkè odò, nítorí pé òjò ibẹ̀ lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ojú omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máà níyọ̀, tí ìsàlẹ̀ sì rí bí òkun?

Ìdáhùn: Nítorí pé omi oníyọ̀ wúwo ju omi odò lọ, ó ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, omi odò sì ń gba orí rẹ̀ jáde. Bí odò bá lágbára tí ìkún òkun kò sì pọ̀, ìpele méjèèjì yóò dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ẹnu odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, níbi tí omi iyọ̀ ti máa ń rá wọlé lábẹ́ omi odò. Ní ẹnu odò Severn ní Bìrìtìkó, níbi tí omi ti lè gòkè ju mítà 12 lọ láàárín ìfà àti ìkún, agbára ìṣàn náà pọ̀ débi pé ó ń po omi òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe wọn ojú omi nìkan kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ nípa odò lódindi. Ẹ wọn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ pẹ́ díẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi bá ti omi dọ́gba, torí pé agbára omi láti gbé iná mànàmáná kọjá, èyí tí ẹ̀rọ fi ń mọ iyọ̀, máa ń yí padà ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 fún ìwọ̀n ìgbóná kan.

Ìbéèrè: Ọ́síjìn dára nígbà tí mo wọn ọ́n, síbẹ̀ àwọn ẹja ń kú.

Ìdáhùn: Nígbà wo ni ẹ wọn ọ́n, níbo sì ni? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè èyí, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wọn ọ́n, ní ojú omi. Ní ọ̀sán, ewéko inú omi ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ọ́síjìn. Ní òru, kò sí èyí tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń lò ó. Ìgbà tó kéré jù ni kété kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí omi bá sì pín sí ìpele méjì bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, omi ìsàlẹ̀ kò ní fojú kan afẹ́fẹ́, ìdọ̀tí tó ń jẹrà níbẹ̀ yóò sì máa gba ọ́síjìn rẹ̀ títí yóò fi tán. Bí ó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, ọ̀pọ̀ ẹja yóò sá, èyí tí kò lè sá yóò kú.

Ẹ tún wo bí a ṣe ṣètò ẹ̀rọ náà. Ní ìgbóná 25 °C, omi tí kò níyọ̀ lè gba ọ́síjìn tó nǹkan bí mílígíráàmù 8.3 nínú lítà kan, ṣùgbọ́n omi òkun tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35 kò lè gba tó 7. Ẹ̀rọ tí a kò sọ iyọ̀ omi náà fún yóò máa pe ọ́síjìn ju bó ṣe wà lọ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kí ó fi ọ̀nà kẹ́míkà tí Lajos Winkler gbé jáde ní 1888 yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n òun ni mo ṣì gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ tí mo gbé sí ìsàlẹ̀ ń sọ pé iyọ̀ já wálẹ̀ lójijì, lẹ́yìn náà yóò tún padà. Bí mo bá fà á jáde, kò sí ohun tó ṣe é.

Ìdáhùn: Èyí ni ó fún mi ní wàhálà jù nínú gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ẹ̀rọ kan wà ní àbójútó mi, tí a so mọ́ òpó ní ìsàlẹ̀ ẹnu odò kan tí omi rẹ̀ rú gan-an. Bí omi òkun bá ṣe ń kún, iyọ̀ tó ń kọ sílẹ̀ yóò máa gòkè, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá kún tán, tó dúró jẹ́ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ní àkókò gan-an tó yẹ kí iyọ̀ pọ̀ jù, ni nọ́ńbà náà yóò já sí ìlàjì. Tí ìfà bá wá ń sá pẹ̀lú agbára, yóò tún gòkè.

Àwọn tó rí i sọ pé omi tí kò níyọ̀ ló ń sun jáde láti inú ilẹ̀. N kò gbà, nítorí pé omi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́, kì í pẹ́ lábẹ́ omi oníyọ̀ kó tó léfòó. Ìgbóná tí ẹ̀rọ kan náà ń kọ kò sì yẹsẹ̀ rárá ní wákàtí yẹn. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo yẹ okùn wò láti òkè délẹ̀, mo gbé sẹ́ńsọ̀ mìíràn sí ipò rẹ̀, òun náà ṣe bákan náà. Bí a bá fà á jáde tí a tẹ̀ ẹ́ bọ omi iyọ̀ tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó ń sọ òótọ́. Ẹ̀rọ tó ń parọ́ lábẹ́ omi tó sì ń sọ òótọ́ lókè máa ń mú kí ènìyàn pàdánù oorun.

Ohun tó tú u fó ni pé a kò fà á mọ́. A fi í sílẹ̀ níbi tó wà, a sì sọ ìgò tí a lè ti ẹnu rẹ̀ láti òkè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àkókò tí nọ́ńbà náà já. Omi inú ìgò náà níyọ̀ bí omi òkun, ẹrẹ̀ rírọ̀ sì kún ìdajì rẹ̀. Bí a ṣe rí ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Amọ̀ tó kúnná tí odò ń gbé bọ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú omi tí kò níyọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kan iyọ̀, wọn a ṣù pọ̀, wọn a sì tóbi tó láti rì nígbà tí ìṣàn bá dúró. Ẹrẹ̀ yìí ló ń kún ihò kékeré tí iná mànàmáná ń gbà kọjá nínú sẹ́ńsọ̀, tí ẹ̀rọ fi ń rò pé iyọ̀ ti dínkù. Ìfà tó lágbára yóò fọ̀ ọ́ dànù. Bí a bá sì ń fà á sókè, omi tó ń gbà kọjá ti fọ̀ ọ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tó tó o. A gbé e kúrò nítòsí ilẹ̀ odò, a yí i kí ihò rẹ̀ kọjú sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹrẹ̀ lè máa bọ́ jáde fúnra rẹ̀, jíjá náà sì dópin.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ èyí tó ń wá díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìyẹn sábà jẹ́ ewéko omi àti àwọn ẹran oníkarawun kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀. Nọ́ńbà ìkún àti ti ìfà yóò jọ máa wálẹ̀ ní ìdá kan náà. Bí ó bá jẹ́ omi òjò ló dé lóòótọ́, ti ìgbà ìfà ló máa kọ́kọ́ lọ sí òdo, ìgbóná àti bí omi ṣe rú yóò sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án.

Ìbéèrè: N kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe rú.

Ìdáhùn: Ẹ lo àwo funfun irú èyí tí Angelo Secchi fi wọn omi ní 1865. Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú okùn tí a ti fi mítà sàmì sí, ní apá tí òjìji ọkọ̀ wà, kí ẹ sì kọ ibi tí ó ti pòórá àti ibi tí ó ti tún hàn.

Ìbéèrè: Ẹrẹ̀ dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ni mo rí. Ṣé májèlé ni wọ́n dà síbẹ̀?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Níbi tí ọ́síjìn ti tán nínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń lo èròjà kan tó ń jẹ́ súfétì, tó wà nínú omi òkun, dípò rẹ̀, gáàsì tó ń rùn náà ni wọ́n sì ń tú jáde. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ẹrẹ̀ tó ní àwọ̀ ilẹ̀ kò burú. Bí dúdú náà bá ti dé ojú ẹrẹ̀, ẹ wọn ọ́síjìn omi tó wà lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì kó ẹrẹ̀ náà sínú yàrá tí a ti pa dé, nítorí pé gáàsì yẹn léwu.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n pe onímọ̀?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ wíwọn omi kò kọjá agbára ẹnikẹ́ni tó ní sùúrù, n kò sì fẹ́ràn kí a máa lé àwọn tó ń gbé létí odò kúrò nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú ẹ̀rọ tí a fi ọ̀dà pa dé fúnra yín. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, kò sí àtúnṣe. Bí ẹja púpọ̀ bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pe onímọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ẹ bu omi láti ìsàlẹ̀ àti láti òkè sínú ìgò tó mọ́, kí ó kún dé ẹnu láìsí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, kí ẹ da kẹ́míkà Winkler sí i lójú ibẹ̀ bí ẹ bá ní in, kí ẹ sì gbé e sínú òkùnkùn tó tutù.