Bí Mo Ṣe Mọ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí Ẹnu Ọ̀nà Ìsọ̀ Mi ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra símẹ́ńtì fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìsọ̀ ìránṣọ mi kò jìnnà sí ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Mo fẹ́ gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti kékeré, kẹ̀kẹ́ akàndá ló ń gbé e káàkiri. Mo ti gbọ́ nípa òfin 2017-06 tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́jọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2017 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn akàndá. Ká má parọ́, kì í ṣe òfin ló mú mi gbà á. N kò tíì rí ẹni tó mọ kọ́là ṣe bíi tirẹ̀ ni.

Àtẹ̀gùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Mọlémọlé tí mo pè fi símẹ́ńtì bò wọ́n di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ máa gbà gùn, ó fà á gùn ní mítà 1, ó gbowó, ó lọ. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà gùn ún dé ìdajì, ni iwájú kẹ̀kẹ́ bá ń gbéra nílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú ìnáwó o, àmọ́ òkè lẹ mọ síbí."

Ìgbà yẹn ni mo tó bi í léèrè. Ó ní bí ẹnu ọ̀nà bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 ga, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà 12 gùn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà náà nìyẹn. Mo fi tépù wọn gíga àtẹ̀gùn méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 60 ló yẹ kó gùn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mítà 2 péré ló wà láàárín ilẹ̀kùn àti gọ́tà. Ti Faransé tún le ju ìyẹn lọ: wọn ò fẹ́ kí gíga rẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 gígùn rẹ̀ lọ. Tèmi ì bá gùn tó mítà 6, inú ilé aládùúgbò ni ì bá parí sí.

A bá jẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fara ti ògiri, dípò kó kọjú sí gọ́tà. A kọ́kọ́ mọ pèpéle tó tẹ́ pẹrẹsẹ síwájú ilẹ̀kùn, mítà kan àbọ̀ ní ìbú, mítà kan àbọ̀ ní òòró, kí kẹ̀kẹ́ lè ráyè yí. Ibẹ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀. A gbé etí rẹ̀ sókè kí táyà má baà yẹ̀ sí gọ́tà. Mọlémọlé fẹ́ dán an bíi dígí. Mo ní rárá, ṣé òjò Àjàṣẹ́ ló fẹ́ rọ̀ sórí ìyẹn? Kó tó gbẹ, mo fi ìgbálẹ̀ wọ́ ọ ní ìbú, ó ní ilà wẹ́wẹ́ tó ń di táyà mú.

Àṣé ilẹ̀kùn náà ń dúró dè wá. Sẹ̀ǹtímítà 70 ni. Kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ igi ẹnu ọ̀nà bó o lẹ́yìn ìka. Gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ̀ ẹ́ dé 90.

Ó ku ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ra mọ́tò sí i, ẹni tó wá so ó sì gbé ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, bí àṣà. A yọ ọ́, a kàn án mọ́ pákó lórí tábìlì. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí aṣọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń yá jù mí lọ.

Ọ̀nà àtiwá síbi iṣẹ́ ni mi ò rí ṣe. Zémidjan, ọ̀kadà tiwa níbí, kò lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e ń gba owó èèyàn méjì, ó ní ẹrù ni kẹ̀kẹ́. Mo bá a jà níwájú ìsọ̀, ọmọ náà ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọlọ́kọ̀ yẹn nìkan ló máa ń dúró fún òun. Èmi ni mò ń san ìdajì báyìí.