Bí Mo Ṣe Lẹ Orúnkún Jíǹsì Jàpáànù Kan

Òkìrìkà ni mo ti ra jíǹsì yìí. Àkọlé inú rẹ̀ sọ pé Kojima ni wọ́n ti rán an, ní agbègbè Okayama ní Jàpáànù. Aṣọ iléèwé ni wọ́n ń rán níbẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ lé jíǹsì ní 1965. Mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mo rí etí aṣọ funfun tó ní ìlà pupa tín-ínrín. Òfì àtijọ́ tí kì í hun aṣọ fífẹ̀ ló ń ṣe irú etí bẹ́ẹ̀, kì í tú. Kò sóhun tó ṣe é, àfi orúnkún ọ̀tún tó ti ya.

Mi ò fẹ́ kó dà bíi jíǹsì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ya, tí wọ́n wá ń tà lówó gọbọi. (Ìyẹn ò yé mi rí.) Ọ̀nà boro ni mo gbà, ìyẹn aṣọ alákìísà tí àwọn ará Jàpáànù máa ń lẹ̀ léra. Ní àríwá Jàpáànù, bí Aomori, òtútù kì í jẹ́ kí òwú hù, nítorí náà láyé àtijọ́, àkísà tó bá ti gúúsù dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, ohun iyebíye ni. Wọ́n á tò ó léra, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un wọlé-jáde títí á fi di odidi aṣọ. Sashiko ni wọ́n ń pe ìránṣọ náà.

Ẹsẹ̀ jíǹsì há jù fún ọwọ́ láti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìhà inú itan, wọ́n ti ká a mọ́ra, wọ́n sì rán an ní ìlọ́po méjì. Ẹ̀gbẹ́ òde ńkọ́? Ìlà òwú kan péré, torí etí tí kì í tú ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo tú, aṣọ sì tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú mi.

Òwú funfun tó dábùú ihò náà, mi ò gé e. Nínú jíǹsì, òwú tó wà lóròó nìkan ni wọ́n ń rẹ láró, òun ló wà lókè, òun náà ló kọ́kọ́ ń já. Wọ́n á rì í, wọ́n á gbé e sáfẹ́fẹ́, wọ́n á tún rì í, bí àwọn aláró Abẹ́òkúta ṣe ń ṣe. Síbẹ̀, aró ọ̀hún kì í dé àárín òwú. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣá.

Ìrépé àdìrẹ aláró tó ti gbó ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ má lo aṣọ tuntun tó le. Agbára rẹ̀ ló máa fa ti àtijọ́ ya. Mo kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kó lè súnkì tán. Mo gé e kó fi ìka méjì tóbi ju ihò lọ yíká, mo tẹ́ ẹ sábẹ́, mo fi píìnì há a, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà.

Abẹ́rẹ́ gígùn, òwú funfun tó ki. Abẹ́rẹ́ á gún aṣọ bí ìgbà mẹ́rin, márùn-ún kí n tó fà á, n ó sì fi àtàǹpàkò na aṣọ náà kó má baà kákò. Ní ìpẹ̀kun ìlà kọ̀ọ̀kan, mo dẹ òwú díẹ̀ kí n tó yí padà, torí orúnkún á máa tẹ̀. Mi ò dá ìlà dúró létí ihò o; mo fà á kọjá dé ibi tí aṣọ ṣì ti lágbára.

Télọ̀ àdúgbò ló bá mi fi ẹ̀rọ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé. Ó wò ó, ó ní òun ì bá ti fi ẹ̀rọ parí gbogbo rẹ̀ kí n tó wọ òwú sábẹ́rẹ́. Òótọ́ ló sọ. Orúnkún òsì náà ti ń fẹ́lẹ́, mo sì ti fi àdìrẹ tó ṣẹ́ kù pamọ́ dè é.