Bí ẹ ṣe lè fi sìgá ẹlẹ́tíríìkì rọ́pò sìgá tí à ń ṣáná sí

Ìdí méjì ló sábà máa ń dá èèyàn padà sídìí sìgá lẹ́yìn tó ti ra sìgá ẹlẹ́tíríìkì: nikotíìnì (èròjà tó ń sọ sìgá di bárakú) inú omi tó rà kò tó o, ó sì ń fà á bí ẹni ń fa sìgá. Ẹni tí sìgá ti di bárakú fún ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ẹni tí kò mu sìgá rí, kó má wulẹ̀ dé ìdí rẹ̀. Aláboyún, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Bátìrì ló wà nínú ẹ̀rọ náà, àti táńkì tí omi ń gbé, àti kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí òwú wà lára rẹ̀. Òwú á mu omi, wáyà á gbóná, omi á di oru. Kò sí ohun tó ń jó, ìdí nìyẹn tí ọ̀dà àti gáàsì carbon monoxide inú èéfín sìgá kò fi sí níbẹ̀. Ewu rẹ̀ kéré sí ti sìgá. A ò sọ pé kò ní ewu.

Omi yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Ẹ wo iye mílígírámù nikotíìnì tó wà nínú mililítà kan lára ìgò. Ẹni tó ń mu nǹkan bí 20 sìgá lójúmọ́, tàbí tí kì í lò tó 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó jí kó tó ṣáná sí àkọ́kọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti 18 sí 20 (òfin European Union kò gbà ju 20 lọ). Ẹni tó ń mu bíi 10, kó gbìyànjú 12. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí èébì ń gbé yín, ó ti pọ̀ jù. Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí sìgá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fà á dáadáa, kò tó. PG (propylene glycol) àti VG (vegetable glycerin), omi méjì tó ń di oru, ni wọ́n pò pọ̀ ṣe omi náà. Ẹ mú ìdajì-ìdajì, kí kọ́ìlì yín sì jẹ́ 1 ohm sókè (ohm ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára kọ́ìlì). VG ki, bó bá pọ̀ jù, òwú kékeré kò ní tètè fà á mu, á sì jóná. Kọ́ìlì tí kò tó 1 ohm ń tú oru rẹpẹtẹ. Ẹ má fi omi 20 sí i, òòyì á kọ́ yín.

Kọ́ìlì tuntun: ẹ kán omi bíi ẹ̀kán mẹ́ta sí òwú, ẹ rọ omi sí táńkì, ẹ má jẹ́ kó wọ ihò àárín tí oru ń gbà jáde, kẹ́ ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 10. Wáàtì (agbára iná) tó kéré jù nínú èyí tí wọ́n kọ sára kọ́ìlì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rọra fà á fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin, sẹ́nu ná, kẹ́ ẹ tó fà á sínú. Ẹni tó bá fà á kíá-kíá, omi ni yóò bá lẹ́nu, ikọ́ á sì tẹ̀ lé e. Nikotíìnì rẹ̀ kì í yá tó ti sìgá. Ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bó bá ń rùn bí òwú tó jó, omi ti tán tàbí kọ́ìlì ti gbó. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kọ́ìlì sábà máa ń lò, omi tó dùn jù sì ń tètè bà á jẹ́. Bó bá ń hó gùlùgùlù, ẹ fi tíṣù nu ihò àárín.

Ẹ má pa sìgá àti ẹ̀rọ yìí pọ̀ pẹ́. Sìgá méjì lójúmọ́ ṣì ń pa ọkàn àyà lára ju bí iye rẹ̀ ti kéré lọ. Sìgá àárọ̀ ló máa ń le jù láti jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ ti rọ omi sí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ sì ti ṣájì rẹ̀, kẹ́ ẹ tó sùn.

Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ àwọn oògùn kan, bíi clozapine (oògùn àìsàn ọpọlọ) àti theophylline (oògùn ikọ́ fée). Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, oògùn á pọ̀ lára. Ẹ sọ fún dókítà ṣáájú. Kọfí náà rí bẹ́ẹ̀, òun náà á pọ̀ lára: ara gbígbọ̀n tí ẹlòmíràn ń pè ní òùngbẹ sìgá, ó lè jẹ́ kọfí ló fà á.

Ẹ tọ́jú omi náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó, torí májèlé ni bó bá gbé e mì. Bó bá kán sí yín lára, ẹ fọ̀ ọ́ kíákíá. Ẹ má ju bátìrì lásán sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, irin á pa ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, á sì gbiná.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láìmu sìgá, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀: 12, 6, 3, òdo, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ wá ń fà á léraléra, ẹ padà sí èyí tẹ́ ẹ ti kúrò.