Yield variance ní ibùdó gàrí: ibi tí àwọn oníṣirò wa ti ń ṣì í

Bí oṣù bá parí ní ibùdó gàrí, yálà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, àwọn ìyá tó ń din gàrí ló sábà máa ń jìyà àṣìṣe oníṣirò. Ìwé á ní gàrí ti ṣòfò, ojú gbogbo èèyàn á sì lọ sí ìdí agbada. Ó ń dùn mí, torí lọ́pọ̀ ìgbà, gàrí kankan ò sọnù. Ìṣirò yield variance, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín gàrí tó jáde àti èyí tó yẹ kó jáde látinú ẹ̀gẹ́ tí a lò, ló ṣáko.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Òṣùwọ̀n ibùdó ni pé 100 kílò ẹ̀gẹ́ tí a ò tíì bó á di 20 kílò gàrí. Nínú òṣùwọ̀n náà, kílò ẹ̀gẹ́ kan jẹ́ ₦150, nítorí náà ẹ̀gẹ́ tó wà nínú kílò gàrí kan jẹ́ ₦750. Lóṣù yìí, a lo 6,000 kílò ẹ̀gẹ́, a rí 1,140 kílò gàrí.

Àṣìṣe kìíní, òun ló wọ́pọ̀ jù: fífi ohun tó jáde wé ètò oṣù. Ká ní ètò jẹ́ 1,600 kílò gàrí láti inú 8,000 kílò ẹ̀gẹ́, àmọ́ ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ ò dé tó. Oníṣirò á ní 460 kílò ló dín, á sọ ọ́ di ₦345,000. Rárá o! Ẹ̀gẹ́ tí ò wọ àgbàlá, ta ló fẹ́ fi din gàrí? Ohun tí yield variance ń bèèrè ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀gẹ́ tó wọlé gan-an yìí, gàrí mélòó ló yẹ kó di? 6,000 kílò yẹ kó di 1,200. Ó dín ní 60, àdánù sì jẹ́ ₦45,000. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn: 1,140 kílò gàrí yẹ kó jẹ 5,700 kílò ẹ̀gẹ́, ó jẹ 6,000. 300 tó lé, lọ́nà ₦150, ₦45,000 náà ni. Bí ọ̀nà méjèèjì ò bá pàdé, ẹ má fọwọ́ sí ìwé.

Ìkejì: ṣíṣírò 60 kílò gàrí ní ₦150. Iye ẹ̀gẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iye gàrí.

Ìkẹta: lílo iye tí a rà á lọ́jà. Bí ẹ bá ra ẹ̀gẹ́ ní ₦170, ₦20 tó lé ti wọ inú ìyàtọ̀ owó ọjà (price variance), ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín iye tí a rà á àti iye òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá tún fi ₦170 ṣírò yield á kọ ₦51,000, á sì ka ₦6,000 lẹ́ẹ̀mejì.

Èèpo àti omi tí jáàkì fún jáde ńkọ́? Wọ́n ti wà nínú òṣùwọ̀n. Ẹ má tún yọ wọ́n.

Ọ̀rinrin ló wá ń bí mi nínú jù. Ká ní omi inú 1,140 kílò gàrí yẹn jẹ́ 10%. Bí wọ́n bá tètè kó o kúrò lórí iná, tí omi ṣẹ́kù sí 14%, gàrí yẹn kan náà á wọn 1,193 kílò. Àdánù ₦45,000 á di ₦5,250 lójú ìwé, ọ̀gá á máa yin òṣìṣẹ́, gàrí á sì bu nínú àpò kó tó dé Ọjà Ìpata. Òfin Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, ò gbà kí omi inú gàrí ju 12% lọ. Ẹ bu díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ pò ó, ẹ wọn 100 gíráàmù, ẹ gbé e sínú ààrò oníná tó gbóná dé 105°C títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní dín mọ́. Bó bá ku 88, omi jẹ́ 12%. Ọ̀rinrin kan náà ni kí ẹ dá gbogbo gàrí padà sí kí ẹ tó fi wé òṣùwọ̀n. Gàrí gbígbẹ máa ń dún ṣaṣa bí èèyàn bá bù ú lọ́wọ́, àmọ́ etí ò lè rọ́pò ìwọ̀n. Kóńgò náà ò lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń po oúnjẹ adìẹ, tí àgbàdo àti sóyà jọ wọ ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ yọ ìyàtọ̀ àpòpọ̀ (mix variance), ìyẹn èyí tó wá látinú pípo wọ́n ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ sí òṣùwọ̀n, sọ́tọ̀. Bí ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ yield, ìyàtọ̀ ìlò (usage variance) lẹ ṣírò, kì í ṣe yield nìkan.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n wú ẹ̀gẹ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹni tó rà á ní ẹ̀dínwó á gba ìyìn lórí owó ọjà, ẹni tó ń din gàrí á gba èébú lórí yield.

Ẹ sì lọ wo abẹ́ jáàkì lálẹ́ ọjọ́ tí oṣù parí. Bí ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tó wà nínú àpò níbẹ̀ bá ti inú 300 kílò wá, 5,700 kílò ni 1,140 kílò gàrí yẹn jẹ. Kò sí àdánù kankan.